Ṣímínì bíríkì tí wọ́n kọ́ fún igi: ṣé ó lè gbé èéfín gáàsì?

Oníbúrẹ́dì, Ìjọ̀kà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ààrò. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ààrò bíríkì tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, igi la sì ń dá sí i láti ìgbà náà wá. Ṣímínì rẹ̀ yọ kọjá òrùlé, inú rẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 18 níbùú lóòró. Owó igi àti owó ọkọ̀ tó ń kó o wá láti oko ti fẹ́ jẹ èrè wa tán, la bá ní ká yí sí gáàsì. Wẹ́dà tó fẹ́ bá wa ṣe bọ́nà ní kò sí wàhálà, òun á kàn ti bọ́nà bọ ẹnu ibi tí à ń kó igi sí, ṣímínì tó wà ńlẹ̀ á gbé èéfín lọ. Àbúrò ọkọ mi ní irọ́ ni, pé gáàsì kì í rú èéfín, ká fi bíríkì dí ṣímínì pa, torí ooru tí a fowó rà ló ń gbé sọnù sójú ọ̀run. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọ́n ti ń bá ara wọn fà á. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

* * *

Ìyá wa, ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ti àbúrò ọkọ yín ló burú jù, òun ni n ó kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí ẹ bá dí ṣímínì yẹn tí ẹ sì tan gáàsì sábẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ òru yín lè má jí láàárọ̀.

Ààrò búrẹ́dì ni iṣẹ́ mi ní Àkúrẹ́ yìí: bíríkì, páìpù, bọ́nà, gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé èéfín gáàsì kì í dúdú. Igi á rú, ojú á ta wá, aṣọ á gbóòórùn, a ó mọ̀ pé èéfín wà. Gáàsì á jó búlúù, a ò ní rí nǹkan kan, a ó wá ní kò sí nǹkan kan. Èéfín wà ńbẹ̀. Omi sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kílò kan gáàsì, tó bá jó tán, omi tó ń tinú rẹ̀ jáde ju kílò kan àbọ̀ lọ. Ẹ wo sílíńdà kílò 12.5 tí gbogbo ilé ní: omi tó wà nínú èéfín rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin tó lítà 20. Ẹ ronú kẹ́ẹ̀gì òróró ẹlẹ́lìítà 25 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. A kì í rí i nítorí oru ni, kò tíì di omi.

Ibi tó ti ń di omi ni ara ṣímínì. Bí oru bá kan bíríkì tí kò tíì gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 55 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, á sun sára rẹ̀ bí omi ṣe ń sun sára ife omi tútù. Omi yẹn kan díẹ̀, ó sì ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Mo ti ki sukurudíráfà bọ ìdí ṣímínì kan ní Òkè-Àró tí wọn ò tíì fi gáàsì lò ju ọdún méjì lọ. Ó wọlé ráúráú, ó dé èèkù. Sìmẹ́ǹtì tó yẹ kó di bíríkì mú ń dà sílẹ̀ bíi gààrí ìjẹ̀bú. Lójú ògiri ìta, nǹkan funfun kan ti hù bí iyọ̀, omi aláwọ̀ tíì sì ń ṣàn wá sẹ́bàá ibi tí wọ́n ń to páànù búrẹ́dì sí. Ìyàwó oníṣòwò náà rò pé òjò ló ń jò.

* * *

Wẹ́dà kan, Ọ̀bà-Ilé:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ da àyà rú ìyá yìí lásán ni. Ṣímínì tó ti gbé èéfín igi fún ọgbọ̀n ọdún, kí ni gáàsì fẹ́ ṣe fún un? Igi ló gbóná jù, igi ló sì dọ̀tí jù.

* * *

Ìbéèrè gidi nìyẹn, àbúrò, mi ò bínú. Àmọ́ ohun tí ẹ sọ gan-an ni ìdáhùn: igi ló gbóná jù. Iná igi ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọlé, èéfín rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, ó ń gòkè pẹ̀lú agbára, nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀nà rẹ̀ gbàràmù. Ẹ wá fi bọ́nà gáàsì sídìí ọ̀nà kan náà. Èéfín díẹ̀, ihò gbàràmù. Bí ọmọ tó wọ agbádá bàbá rẹ̀ ló rí. Èéfín á máa rìn gbéregbère, á tutù lójú ọ̀nà, á pàdánù agbára tó fi ń gòkè, á wá dúró. Tó bá dúró, ẹ̀yìn ló máa padà sí, ẹ̀yìn sì ni àwọn tó ń po ìyẹ̀fun wà.

Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń fi gáàsì mú ilé gbóná nígbà òtútù, òfin wọn nípa ìlò gáàsì, NFPA 54, fi odi sí i: bí ṣímínì bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀rọ kan tó ń gbára lé agbára ooru láti gbé èéfín rẹ̀ lọ, inú ṣímínì náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ìlọ́po 7 ẹnu ọ̀nà èéfín ẹ̀rọ náà lọ. Ààrò búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún, àmọ́ mo ń fi ṣe òṣùwọ̀n níbi iṣẹ́ mi torí kò sí ohun tó sàn jù ú lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká fi wọn ti ìyá yìí. Ká ní páìpù èéfín bọ́nà náà jẹ́ íńṣì 6, ojú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí íńṣì onígun mẹ́rin (square inch) 28. Ìlọ́po 7 rẹ̀ kò tó 200. Ṣímínì 18 níbùú lóòró jẹ́ 324. Ó ju ìlọ́po 11 lọ. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbé e tó máa ṣe rẹ́gí.

* * *

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí àwọn èèyàn ń bá mi sọ kò ju mẹ́ta lọ. Àwọn kan ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, kò tíì pa ẹnikẹ́ni. N ò ní fèsì sí ìyẹn. Àwọn kan ní kí wọ́n fi bíríkì sọ inú ṣímínì di kékeré. Ta ló máa wọ inú ihò 18 lọ rẹ́ ògiri? Kó tilẹ̀ ṣe é ṣe, bíríkì náà lẹ tún fi kún bíríkì, tútù lórí tútù, sìmẹ́ǹtì lórí sìmẹ́ǹtì tí omi máa jẹ. Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ràn díẹ̀ tí mo sì ń bẹ̀rù púpọ̀, ni ti fáànù, pé kó máa fa èéfín jáde. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró, n ó dé ibẹ̀.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí: páìpù kan ṣoṣo, irin tí kì í dípẹtà, tó bá ẹnu ọ̀nà èéfín mu, kó gba inú ṣímínì náà láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ṣímínì bíríkì á wá di ilé tí páìpù ń gbé, kò ní jẹ́ ọ̀nà èéfín mọ́. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń tètè gbóná, èéfín á gòkè kó tó rí àyè tutù. Ẹ dí àlàfo tó wà láàárín páìpù àti bíríkì nísàlẹ̀ àti lókè. Bí ẹ bá rí rockwool, ìyẹn òwú tí wọ́n fi òkúta ṣe, tí iná kì í jó, ẹ fi wé páìpù náà. Ẹ má da kọnkéré sí àlàfo náà! Ọ̀gá bíríkìlà kan ṣe bẹ́ẹ̀ lójú mi, nígbà tí páìpù bàjẹ́, wọ́n ní láti wó gbogbo ṣímínì lulẹ̀ kí wọ́n tó lè yọ ọ́.

Ibi tí páìpù bá ti sùn láti ẹnu ààrò lọ síbi ṣímínì, kó má sùn gbalaja. Kó máa gòkè ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kọ́nà kò gbọdọ̀ pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ fi ẹnu kan tó ní ìdérí síbẹ̀, kí omi àti ìdọ̀tí tó bá já bọ́ lè ríbi gbà jáde.

* * *

Wẹ́dà kan, Ọ̀bà-Ilé:
Mo gbà. Ṣùgbọ́n sténlẹ́ẹ̀sì, irin tí kì í dípẹtà yẹn, wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Galifanáísì ńkọ́? Mo lè ká a fún wọn lọ́la.

* * *

Mo ti ká a rí. Ní Òkè-Ìjẹ̀bú, ìwọ̀n owó oníbàárà ò tó, mo bá fi galifanáísì ṣe é, mo tún ń yangàn pé mo bá a dín owó kù. Kò pé ọdún kan àbọ̀ tí wọ́n fi pè mí padà. Mo fọwọ́ kan páìpù náà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ìka mi wọlé. Ìka mi! Inú rẹ̀ ti di èèpo pupa tó ń ṣí ní ìpele ìpele. Ọ̀fẹ́ ni mo ṣe èkejì fún wọn, ojú sì tì mí títí dòní.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ oríṣi sténlẹ́ẹ̀sì: 316 ló dára jù, 304 sì ń gbìyànjú. Àwọn tó ń tà á á ní kí ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì wá, pé bí kò bá ti fà á, ojúlówó ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tàn yín. Mágnẹ́ẹ̀tì kì í fa 201 náà dáadáa, bẹ́ẹ̀ 201 kò ní agbára 304 rárá lójú omi kíkan. Ìwé tàbí àmì tó wà lára páànù látilé iṣẹ́ ni kí ẹ bèèrè.

* * *

Ọmọ Ìsọ̀lọ̀, Chicago:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ gbà mí. Ilé àtijọ́ ni mo rà níbí. Ẹ̀rọ gáàsì tó ń mú ilé gbóná wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, òun àti ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná jọ ń lo ṣímínì bíríkì kan. Lọ́dún tó kọjá mo pààrọ̀ ẹ̀rọ ilé gbígbóná sí tuntun, èyí tí páìpù oníke ń gbé èéfín rẹ̀ gba ara ògiri jáde. Láti ìgbà yẹn ni ògiri yàrá òkè ti ń tutù, tí pépà ara rẹ̀ ń ká sókè. Mo ti pe onípọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí páìpù tó ń jò.

* * *

Ẹ ò ní rí i, torí kò sí páìpù omi tó ń jò. Ẹni méjì ló jọ ru ẹrù kan, ọ̀kan ti sọ tirẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rọ àtijọ́ yín ń rán bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ooru rẹ̀ gba ṣímínì, ooru yẹn ló ń jẹ́ kí bíríkì gbẹ. Tuntun yìí ń lo ohun tó ju ìdá àádọ́rùn-ún lọ, èéfín rẹ̀ tutù débi pé oníke lè gbé e. Ó kúrò nínú ṣímínì. Ó wá ku ẹ̀rọ omi nìkan, pẹ̀lú èéfín bíńtín nínú ṣímínì tí wọ́n kọ́ fún ẹni méjì. Àwọn oníṣẹ́ ọ̀hún gan-an ń pè é ní ọmọ òrukàn. Ẹ ní kí ẹni tó níwèé ẹ̀rí fi páìpù sínú ṣímínì náà, èyí tó bá ẹ̀rọ omi nìkan mu. Kí wọ́n tó dé, ẹ yẹ aláàmù CO yín wò, èyí tó ń kìlọ̀ fún èèyàn nípa èéfín olóró tí a kì í rí, kó má jẹ́ pé bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ẹ rí i, àìsàn Chicago náà ni àìsàn Ìjọ̀kà. Ẹnìkan ti kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀ pé ìlú wa kì í tutù, kí ló kan tiwa. Bíríkì tó wà ní ìwọ̀n 25 ní òru Àkúrẹ́ ṣì jìnnà sí 55. Ooru ìta pàápàá ń dín agbára ṣímínì kù, nítorí ìyàtọ̀ láàárín èéfín gbígbóná àti afẹ́fẹ́ ìta ló ń tì í lọ sókè. Mo gbà pé ààrò tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru á jẹ́ kí bíríkì gbẹ díẹ̀. Mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa? A tan án ní aago mẹ́wàá alẹ́, a pa á ní aago méjì òru.

* * *

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA:
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí gáàsì ní òórùn? Tó bá padà sínú ilé, a ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

* * *

Ohun méjì lẹ pa pọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń pa á pọ̀. Gáàsì tí kò tíì jó ló ń rùn, torí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi òórùn sí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rà. Èyí tó ti jó, tí kò sì jó dáadáa, carbon monoxide ló ń mú wá, tí wọ́n ń gé kúrú sí CO. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti afẹ́fẹ́, gbogbo yàrá ló ń gbà kan. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ń dì mọ́ ibi tí ọ́síjìn ń jókòó sí, ó sì lágbára láti dì í mú ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èmi fúnra mi. Ìlú Òǹdó, oṣù Ṣẹrẹ, ọyẹ́ mú gan-an. Mo lọ wo bọ́nà kan tí iná rẹ̀ ti ń pọ́n, mo sì dúró mọ́jú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbogbo fèrèsé nítorí òtútù. Fáànù ńlá kan wà lára ògiri tó ń fa ooru jáde. Nígbà tó máa di aago kan, orí ń fọ́ mi. Ọmọ tó ń po ìyẹ̀fun bì. Ẹni tó ń gé e ní òun náà ń rí òòyì, ó ní ibà ni, ó ti lo oògùn. Mo bọ́ síta láti tọ̀, orí mi fúyẹ́. Mo padà wọlé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti pariwo pé kí gbogbo wọn jáde. Ibà kì í mú èèyàn mẹ́ta ní wákàtí kan, kì í sì í lọ bí èèyàn bá dé ìta.

Fáànù yẹn ló ṣe é. Ó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, fèrèsé ti, ibo ló máa rí òmíràn fà wọlé? Ẹnu ṣímínì. Ó sọ ṣímínì di fèrèsé, ó ń fa èéfín sọ̀ kalẹ̀ sí wa lórí. Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù fáànù nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ríbi wọlé, èéfín kò ní ríbi jáde. Kílò kan gáàsì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kúbíkì mítà 13 kó tó lè jó tán. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí mẹ́wàá tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án, kílò méjì gáàsì á ti lo gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Nítorí náà, ihò méjì tí kì í tì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, kí wọ́n dojú kọ ìta gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sídìí wọn. Mo ti rí i, ẹ má rẹ́rìn-ín.

* * *

Bí ẹ ṣe máa dán an wò láìnáwó: ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ tan gbogbo fáànù, ẹ jẹ́ kí ihò afẹ́fẹ́ nìkan wà ní ṣíṣí. Ẹ tan bọ́nà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tan kọ́ìlì ẹ̀fọn, ẹ gbé e sẹ́bàá ẹnu ibi tí èéfín ń gbà wọ ṣímínì. Bí èéfín kọ́ìlì bá wọlé lọ, ó dára. Bó bá ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tàbí ó kọjú sí yín, ẹ pa bọ́nà.

Ẹ ra aláàmù CO. Ti èéfín iná yàtọ̀, kò ní gbọ́ CO. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ EN 50291 tàbí UL 2034 sí lára, tó ń lo bátìrì, torí iná ìjọba kì í sọ fún wa kó tó lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí ó máa kú tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ti orí ṣímínì: kó ga ju ibi tó ti yọ lórí òrùlé ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, kó sì ga ju ohunkóhun tó wà láàárín ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i ní ẹsẹ̀ méjì. Bí aládùúgbò bá kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tún un wọ̀n. Ẹ fi fìlà àti nẹ́ẹ̀tì olójú fífẹ̀ sí i. Ní Aráròmi, ìtẹ́ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí mo kó jáde nínú ṣímínì kan kún korobá.

* * *

Oníbúrẹ́dì, Ìjọ̀kà:
Ẹ ṣeun o. Owó sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n pè fún mi ju ti bọ́nà lọ. Ṣé n ò lè kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ná, kí n fi èrè rà á?

* * *

Rárá, Ìyá wa. Ẹ máa fi igi ṣe é títí owó páìpù á fi pé. Igi ń jẹ èrè yín, mo mọ̀. Ṣímínì yín mọ igi, kò mọ gáàsì. Ṣùgbọ́n ẹ ti lè fi kọ́ìlì dán an wò báyìí pẹ̀lú iná igi kékeré, kí ẹ mọ ohun tí fáànù yín ń ṣe.

* * *

Oníbúrẹ́dì, Ìjọ̀kà:
A dán an wò lálẹ́ àná. Ilẹ̀kùn tì, fáànù ń ṣiṣẹ́, èéfín kọ́ìlì kọjú sí mi, ó bo ojú mi. Ọmọ mi lọ pa fáànù. Àfi bí ẹni pé wọ́n fokùn fà á, ó wọ inú ṣímínì lọ tààrà. Àbúrò ọkọ mi dúró tì wá. Kò sọ nǹkan kan, ó gbé kọ́ìlì lọ́wọ́ mi, ó ní kí ọmọ tún fáànù tàn kí òun wò ó.

* * *

Ẹ pa fáànù náà tì títí tí ẹ ó fi da ihò afẹ́fẹ́ méjì sí ògiri ẹ̀yìn. Ẹ tún bá mi wá gíga ṣímínì, kí n mọ iye páìpù tí a ó gé. Kí ẹnikẹ́ni má gùn ún o. Ẹ dúró síta, ẹ ka iye ìlà bíríkì láti ilẹ̀ dé orí, ẹ wọn gíga mẹ́wàá nínú wọn, ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.